Margaret Booth àti Iṣẹ́ Olótùú Fíìmù

Bí àwọn lámèyítọ́ bá ń sọ̀rọ̀ nípa fíìmù àtijọ́ ní Hollywood, olùdarí àti òṣèré ni wọ́n sábà máa ń dárúkọ. Ẹni tí ó jókòó sínú yàrá kótópó, tí ó ń fi àlùmọ́gàjí gé àwòrán, tí ó sì ń lẹ̀ wọ́n pọ̀ títí wọn yóò fi di ìtàn, kì í sí lẹ́nu wọn. Ìgbésí-ayé Margaret Booth fi hàn pé irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ kò pé.

Los Angeles ni wọ́n ti bí i ní 1898. Ní 1915, ìjàǹbá ọkọ̀ pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Elmer Booth, tí ó ti ṣeré nínú fíìmù D. W. Griffith. Griffith sì fún àbúrò olóògbé náà ní iṣẹ́ fíìmù lílẹ̀. Obìnrin pọ̀ nídìí iṣẹ́ yìí nígbà náà, nítorí pé àwọn ọ̀gá kà á sí iṣẹ́ ọwọ́ lásán, bí aṣọ rírán. (Ẹni tí ó bá rò pé aṣọ rírán rọrùn, kí ó bi aránṣọ léèrè.)

Ọ̀dọ̀ olùdarí John M. Stahl ni ó ti mọ iṣẹ́ náà dójú àmì. Àwọn àwòrán tí Stahl bá pa tì, Booth a kó wọn jọ, a sì máa fi wọ́n dánra wò lálẹ́. Nígbà tí ó di ọjọ́ kan, ìran kan ta kókó mọ́ Stahl lọ́wọ́. Ó wo èyí tí Booth tò, ó sì lò ó. Fíìmù kò tíì lóhùn nígbà náà. Bí Booth bá ń to ìran àwọn ọmọ-ogun tí ń yan, yóò máa ka ení, èjì, ẹ̀ta, títí yóò fi mọ ibi tí ó yẹ kí àwòrán ti yí padà. Kò sí ìlù níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ ọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti kọ́ nípa ewì alohùn yóò tètè lóye èyí, nítorí ibi tí apohùn ti dánu dúró ṣe pàtàkì bí ọ̀rọ̀ tí ó sọ. Ìmọ̀ yìí hàn kedere nínú Mutiny on the Bounty (1935), níbi tí ìkà Bligh, ọ̀gá ọkọ̀, ti ń le sí i díẹ̀díẹ̀ títí àwọn atukọ̀ fi ṣọ̀tẹ̀.

Láti 1939 títí di 1968, òun ni alábòójútó àwọn olótùú ní ilé-iṣẹ́ MGM. Orúkọ àwọn ẹlòmíràn ni ó ń hàn lójú fíìmù. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti le. Ní 1951, MGM gé The Red Badge of Courage, fíìmù John Huston, kù sí ìṣẹ́jú 69, nígbà tí Huston wà ní Áfíríkà lẹ́nu iṣẹ́ mìíràn. Àwọn ọ̀gá àgbà ni ó pàṣẹ, ṣùgbọ́n ẹ̀ka tí Booth ń darí ni ó di àlùmọ́gàjí mú. Àwọn tí ń yìn ín kì í fẹ́ mẹ́nu ba èyí; lámèyítọ́ kò gbọdọ̀ fò ó. Ta ni ó wá ni irú fíìmù bẹ́ẹ̀? A kì í béèrè ẹni tí ó kọ́kọ́ ki oríkì kan kí a tó gbà pé iṣẹ́ ọnà ni, síbẹ̀ a máa ń dá ẹni tí ó bà á jẹ́ mọ̀.

Ní 1978, wọ́n fún Booth ní Oscar àyẹ́sí fún gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ lápapọ̀. Ó kú ní 2002, ní ẹni ọdún 104.