Àyè àti Ohùn: Ìfìwàwẹ̀dá Àwọn Ẹni Ọ̀tọ̀ nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀

Nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí D. O. Fágúnwà gbé jáde ní ọdún 1938, Akàrà-ògùn nìkan kọ́ ni ó lọ sí Òkè Láńgbòdó. Ìṣẹ̀dá àwọn akọni tí ó bá a lọ kò sì dọ́gba. Ìmọ̀dóye ti bá ààjà gbé fún ọdún méje. Ẹlẹ́gbẹ̀dẹ-ọdẹ gbọ́ èdè ẹranko. Nígbà tí ooru bá ń mú àwọn ẹlòmíràn, òtútù ni ó ń mú Àràmàdà-okùnrin, bí òtútù bá sì dé, ooru ni ó ń mú òun.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ti gbọ́ nípa ọ́tísíìmù lè fẹ́ kọ ọ́ sínú ìdáhùn rẹ̀ pé ọlọ́tísíìmù ni Àràmàdà-okùnrin, nítorí pé ọ̀pọ̀ àwọn tí a bí pẹ̀lú ipò yìí ni ariwo, ooru tàbí ìfọwọ́kàn máa ń rí lára wọn lọ́nà tí ó yàtọ̀. Ẹ̀rí inú ìwé kò gbe irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀. Ọdún 1943 ni Leo Kanner ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ̀wé ní Amẹ́ríkà nípa àwọn ọmọ mọ́kànlá tí ó fi ṣàpèjúwe ipò náà. Orúkọ akọni yìí pàápàá fi hàn pé ìyanu ni Fágúnwà ń pìtàn rẹ̀, kì í ṣe àyẹ̀wò oníṣègùn. Ìbéèrè tí ó yẹ lámèyítọ́ ni pé: irú àyè wo ni ìtàn náà fún ẹni tí ara rẹ̀ kò rí bí ti ẹlòmíràn?

Àyè gidi ni. Fágúnwà kò ka ìyàtọ̀ náà sí àrùn tí ó ń fẹ́ ìwòsàn. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Lórí ọgbọ́n yìí ni ó gbé ẹgbẹ́ àwọn ọdẹ náà kà.

Síbẹ̀, ohun tí kálukú lè ṣe ni ó mú un wọ ẹgbẹ́. Akàrà-ògùn ni ó sì ń sọ ìtàn fún akọ̀wé. Òǹkàwé mọ̀ pé òtútù ń mú Àràmàdà-okùnrin nínú ooru, ṣùgbọ́n kò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ bí ó ti ń rí lára rẹ̀.

Ìwé kan lédè Gẹ̀ẹ́sì lè tan ìmọ́lẹ̀ sí èyí. Nínú The Spirit Bares Its Teeth (2023), Andrew Joseph White, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ọlọ́tísíìmù, fi ìtàn àwọn òkú àti iwin sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1883. Silas, ọ̀dọ́ ọlọ́tísíìmù, ni asọ̀tàn. Ẹnu rẹ̀ ni òǹkàwé ti gbọ́ ìyà tí ó jẹ lọ́wọ́ àwọn tí ó fipá kọ́ ọ láti má ṣe mi ọwọ́.

Ìyàtọ̀ ojú ìwòye yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdánwò nìkan. Nínú kíláàsì, ọmọ kan lè máa di etí nítorí ariwo, kí wọ́n sì pè é ní aláìlẹ́kọ̀ọ́. Bí ẹ̀kọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá rí kọ́ nínú Fágúnwà bá jẹ́ pé ẹ̀bùn àràmàǹdà nìkan ni ó ń ra àyè fún ẹni ọ̀tọ̀, ọmọ tí kò ní irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ kò ní àyè láàárín wọn. Nítorí náà, kí olùkọ́ jẹ́ kí wọ́n wá ohun méjèèjì nínú ìwé náà: àyè tí Fágúnwà fún Àràmàdà-okùnrin, àti ohùn tí kò fún un.