Láti Ọ̀nà Ìlera dé ìwé abẹ́rẹ́

Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n dárúkọ ohun kan tí wọ́n fọgbọ́n ṣe fún ìtọ́jú ọmọdé nílẹ̀ Yorùbá, tó sì ti ibẹ̀ kárí ayé, káàdì ni n óò dárúkọ. Dókítà ará Gẹ̀ẹ́sì kan, David Morley, ló gbé e jáde láti inú iṣẹ́ tó ṣe ní Ìmẹ̀sí-Ilé, nígbà tó wà ní ilé ìwòsàn Wesley Guild, Iléṣà, ní ìparí àwọn ọdún 1950. Road to Health ló sọ ọ́. Ẹ jẹ́ ká pè é ní Ọ̀nà Ìlera.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣe é. Ìlà méjì ló ń gòkè lọ lórí rẹ̀, bí etí ọ̀nà méjèèjì. Bí wọ́n bá wọn ọmọ tán, nọ́ọ̀sì á fi àmì kan síbẹ̀, á so ó mọ́ ti oṣù tó kọjá. Ìlà tó ń gòkè dára. Èyí tó dúró sójú kan tàbí tó ń wálẹ̀, ewu ti ń bọ̀ nìyẹn, kí ẹsẹ̀ ọmọ tó wú, kí irun rẹ̀ tó pọ́n. Ìyá tí kò mọ̀wé rárá lè rí i. Èyí tó wù mí jù ni pé ìyá ló ń gbé káàdì relé, nínú ọ̀rá, kí òjò má baà pa á. Ilé ìwòsàn kọ́ ló ni ín.

Àrọ́mọdọ́mọ káàdì yẹn ló wà lọ́wọ́ àwọn ìyá ní Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ lónìí, ibẹ̀ sì ni mo ti ní ẹjọ́ wí. Nínú àwọn tí wọ́n fi hàn mí, ojú ewé abẹ́rẹ́ kún fún déètì; ojú ewé ìwọ̀n funfun báláú. Ìwé abẹ́rẹ́ ni àwọn ìyá náà ń pè é. Iṣẹ́ tí nǹkan bá ń ṣe fún èèyàn ni wọ́n sábà fi ń sọ ọ́ lórúkọ, orúkọ yìí ò sì purọ́. Ọmọ pàápàá mọ̀. Òṣùwọ̀n tí wọ́n ń gbé ọmọ kọ́ yẹn dà bíi jangilọ́fà, àwọn ọmọ mìíràn a máa rẹ́rìn-ín nínú rẹ̀. Tí a bá yọ ọ́ kúrò, kí ló kù fún un níbẹ̀ ju abẹ́rẹ́ lọ? Láti ẹnu géètì ló ti máa bú sẹ́kún.

N kò bá àwọn nọ́ọ̀sì jà o. Bí èrò bá pọ̀, ọ̀rọ̀ sísọ lèèyàn kọ́kọ́ ń fi sílẹ̀.

Ẹ̀yin tí mo kọ́ á ti máa retí pé kí n ní kí wọ́n tú káàdì sí Yorùbá. Rárá. Ní Ajégúnlẹ̀ tí Ìjọ, Ùròbò, Ìgbò, Haúsá àti Ìlàjẹ ti jọ ń gbé, tí Píjìn sì so gbogbo wọn pọ̀, ta la fẹ́ tú u fún? Ìlà yẹn kì í ṣe èdè ẹnikẹ́ni, òun sì ni ọgbọ́n Morley. Ẹnu nọ́ọ̀sì ló yẹ kó gbọ́ èdè ìyá.

Ọ̀nà kan wà tí kò ní náni lówó: kí ìyá fúnra rẹ̀ gba bírò, kó fi àmì oṣù náà síbẹ̀, kí nọ́ọ̀sì máa wo ọwọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ìlera nínú yín, ẹ dán an wò fún oṣù mẹ́fà ní ọ̀dọ̀ yín, kí ẹ wá sọ orúkọ tí àwọn ìyá ń pe káàdì náà fún mi.