Ojú Tí Báǹkì Fi Ń Wo Ará Ìlú

Ilẹ̀kùn báǹkì kan ní Ojúwòyè, ní Muṣin, kì í gba èèyàn méjì pọ̀. Wọ́n fi gíláàsì ṣe é roboto bí ìgò. Bó bá gbúròó irin lára rẹ, á fi èdè Gẹ̀ẹ́sì lé ọ padà. Lọ́jọ́ kan, mo dúró lẹ́yìn ìyá aláta kan níbẹ̀. Ó bọ́ ẹ̀gbà ọwọ́, ó yọ kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù, ó wá ku irin tó wà lára báàgì owó rẹ̀ gan-an. Ó ṣíwọ́. Iṣẹ́ ọnà ni ilé báǹkì, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni mo sì fẹ́ yẹ̀ wò, nítorí ibẹ̀ la ti ń mọ irú ẹni tó ka oníbàárà sí.

Nígbà tí Bank of British West Africa bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1894, oníṣòwò ọkọ̀ ojú omi, Alfred Jones, ló wà nídìí rẹ̀. Ilé wọn ní Marina kọjú sí ọ̀sà tí ọkọ̀ ń gbà wọlé, ó kẹ̀yìn sí ìlú. Ẹni dúdú tó bá lọ yá owó níbẹ̀, ọwọ́ òfo ló sábà máa ń mú bọ̀. Irú ẹ̀dùn yìí wà lára ohun tó mú kí Dókítà Akínọlá Májà, T. A. Doherty àti H. A. Subair dá National Bank sílẹ̀ ní 1933. Ní 1945, Olóyè M. A. Okupe dá tirẹ̀ sílẹ̀, ó pè é ní Àgbọ́nmágbẹ.

Orúkọ yìí tó ìdúró wò. Omi tí à ń gbọ́n tí kì í gbẹ! Ohun tí òyìnbó ń fi ògiri nínípọn sọ, pé owó yín kò ní ṣègbé, Okupe fi ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tó ń ponmi sọ ọ́. Nígbà tí ìgbìmọ̀ títa ohun ọ̀gbìn Ìwọ̀-Oòrùn gbà á, tí wọ́n sọ ọ́ di Wema ní 1969, báǹkì náà yè, ewì náà kú. Àmọ́ báǹkì kan wà tí kò nílò ilẹ̀kùn rárá: ní Ṣómólú tí kò jìnnà sí Muṣin, ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ sí Alájọ Ṣómólú, Alphaeus Taiwo Olunaike, bẹ̀rẹ̀ àjọ gbígbà ní 1954. Kẹ̀kẹ́ ni báǹkì tirẹ̀.

Muṣin kò sí lábẹ́ Èkó nígbà náà. Títí wọ́n fi dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967, Ìbàdàn ni ìjọba tó ń ṣàkóso rẹ̀ wà, Ìbàdàn náà ni mo sì máa wá ilẹ̀kùn tí n ó fi wé ti Ojúwòyè lọ: ti Co-operative Bank, báǹkì àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1953. Maxwell Fry àti Jane Drew, tó ya àwòrán ilé Yunifásítì Ìbàdàn, ló ya ti ilé náà. Felix Idubor, agbẹ́gilére ọmọ Ẹ̀dó, ló gbẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ní ilẹ̀ wa, ààfin ni ilẹ̀kùn gbígbẹ́ ń gbé. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ ló gbẹ́ ti Ògògà Ìkẹ́rẹ́, ó gbẹ́ ọba sára rẹ̀ níbi tó ti jókòó tó ń gba àjẹ́lẹ̀ òyìnbó lálejò. Wọ́n gbé e lọ síbi ìpàtẹ Wembley ní 1924, British Museum sì fi ìtẹ́ tí wọ́n ṣe nílùú wọn pààrọ̀ rẹ̀. (Ìlú London ló wà títí di òní; ẹ fojú inú wo ta ló jèrè.) Nígbà tí Idubor wá gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà báǹkì, ohun tó ń wí fún àgbẹ̀ tó toko dé ni pé owó kòkó rẹ̀ tó ohun tí à ń ṣí ilẹ̀kùn ọba fún. N kò tíì rí báǹkì mìíràn tó bọlá fún oníbàárà tó bẹ́ẹ̀.

Èyí tó tẹ̀ lé e kò ní ọnà nínú. Láti 1977, Báǹkì Àpapọ̀ pàṣẹ kí àwọn báǹkì ṣí ẹ̀ka sí ìgbèríko: 200 lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà 266, lẹ́yìn náà 300. Àwọn tí mo ti rí nínú wọn jọra bí ìbejì: búlọ́ọ̀kù, páànù, fèrèsé onírin. Àṣẹ ló kọ́ wọn, ó sì hàn lójú wọn. Nígbà tí ìjọba ní kí báǹkì kọ̀ọ̀kan ní owó ìdókòwò bílíọ̀nù 25 náírà kí ọdún 2005 tó parí, báǹkì 89 di 25. Co-operative Bank wọ inú Skye, Skye di Polaris ní 2018.

Ọdún 2018 yẹn náà, ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹrin, ni adigunjalè ya bo àwọn báǹkì Ọ̀fà, tí wọ́n pa ọlọ́pàá, tí wọ́n pa ará ìlú. N kò lè bá ẹni tó ra ilẹ̀kùn onígò jà pátápátá. Àmọ́ ilẹ̀kùn ọ̀hún kò mọ olè yàtọ̀ sí aláta.

Ìyá yẹn kò gbìyànjú ẹ̀ mọ́. Ó sọdá sábẹ́ agboòrùn oníPOS kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, ó da owó sórí tábìlì. Ọmọbìnrin oníPOS náà kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó so rọ́bà mọ́ ọn, ó ní, "Ẹ kú ọjà, mà. Ṣé ara ọmọ yín ti yá?"