Ẹ̀wù Àwìn: Ìgbàgbọ́ Tòótọ́ àti Ìlòkulò Rẹ̀ nínú Eré-Onítàn Jero

Ìfáàrà

Ọ̀tan Ayégbajú ni olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Bolúwadúró ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Odidi gbólóhùn ni orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ yìí: bá Olúwa dúró. A máa ń rí i lára pátákó, a máa ń kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù, a kì í sì í sábà ronú sí i. Bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó bá Olúwa dúró yàtọ̀ gédégédé sí ẹni tí ó ní kí Olúwa wá bá òun dúró. Ẹni àkọ́kọ́ yóò lọ sí ibi tí Olúwa bá wà, bí ibẹ̀ kò tilẹ̀ rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ẹni kejì ti yan ibùdúró tirẹ̀ kí ó tó pe orúkọ Olúwa sí i. Àwọn méjèèjì lè wọ irú aṣọ kan náà, kí wọ́n sì jọ máa ké Halelúyà. Báwo ni a ṣe lè mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì?

Ìbéèrè yìí ni a fẹ́ fi wo eré-onítàn Wọlé Ṣóyínká, The Trials of Brother Jero, tí a kọ́kọ́ ṣe ní gbọ̀ngàn Mellanby ní Ìbàdàn ní ọdún 1960. Gẹ̀ẹ́sì ni Ṣóyínká fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n àwọn wòlíì aládùúrà etí òkun Èkó ni ó ń sọ̀rọ̀ nípa wọn, àwùjọ tí onímọ̀ Yorùbá kò lè pè ní àjèjì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kà á gẹ́gẹ́ bí ẹ̀fẹ̀ tí a fi ń bu ẹnu àtẹ́ lu wòlíì èké. Èrò tiwa ni pé ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Eré náà fún wa ní òṣùwọ̀n tí a lè fi dá ìgbàgbọ́ mọ̀ kúrò lára ìlòkulò rẹ̀, ṣùgbọ́n eré náà fúnra rẹ̀ kò lo òṣùwọ̀n ọ̀hún dé òpin.

Gbèsè ọrùn wòlíì

Àwìn ni Jero ra ẹ̀wù àrán tí ó fi ń dá yàtọ̀ láàrin àwọn wòlíì ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ Amope, obìnrin oníṣòwò kan, ni ó ti rà á, gbèsè náà sì jẹ́ pọ́n-ùn 1, ṣílè 8 àti pẹ́nì 9. Ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, Amope ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà láti sin owó rẹ̀, wòlíì sì ní láti gba ojú fèrèsé sá jáde. Ṣóyínká kò tẹnu mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni kókó eré náà wà: ohun tí a fi ń dá wòlíì mọ̀, kò tí ì san owó rẹ̀.

Chume ni ọmọ ìjọ tí ó fara jìn fún un jù. Ìránṣẹ́ ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ni, òun sì ni ọkọ Amope, bí Jero kò tilẹ̀ kọ́kọ́ mọ̀. Lemọ́lemọ́ ni Chume ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí òun lu ìyàwó òun, ó pẹ́ ni, ó yá ni, lẹ́ẹ̀kan péré. Jero kọ̀. Ìmọ̀ràn rere ni. Ojúlówó onígbàgbọ́ kò ní í sọ ohun tí ó yàtọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n Jero jẹ́wọ́ fún òǹwòran pé bí Chume bá rí ìyàwó rẹ̀ lù, ọkàn rẹ̀ yóò balẹ̀, kò sì ní í nílò òun mọ́. Nígbà tí ó wá mọ̀ pé ìyàwó Chume ni ẹni tí òun jẹ lówó, ohùn yí padà: kí Chume mú un lọ sílé, kí ó sì lù ú. Ọlọ́run kọ́ ni ó yí ọkàn padà. Gbèsè ni ó fọhùn.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ẹnu kò tó òṣùwọ̀n. Wòlíì èké lè sọ òtítọ́ nígbà tí òtítọ́ bá ṣe é láǹfààní. Ohun tí ó yẹ kí á bèèrè ni pé: ta ni ó ń san owó ọ̀rọ̀ yìí? Jero kì í san án. Ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ fi ilẹ̀ etí òkun san án. Amope fi ọjà rẹ̀ san án, ó sì tún kù díẹ̀ kí ó fi ara san án. Nígbẹ̀yìn, Jero ń pète bí a ó ṣe gbé Chume lọ sí ilé àwọn wèrè.

A kò sọ pé Jero ni gbogbo aládùúrà. Joseph Ayọ̀ Babalọlá, tí a bí ní Òdò-Ọwá ní ọdún 1904, fi iṣẹ́ katakátà tí ó ń wà lójú ọ̀nà ìjọba sílẹ̀ ní ọdún 1928 nítorí ìpè tí ó gbọ́. Ní ọdún 1930, ìsọjí Òkè-Ọ̀yẹ̀ ní Iléṣà sọ ọ́ di ẹni tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá mọ̀. Ní ọdún 1932, wọ́n fi í sẹ́wọ̀n oṣù 6 ní Benin. Ìyà nìkan kò sọ ènìyàn di olóòótọ́, nítorí alágídí náà a máa jìyà. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà tí a lè tọ́ka sí: Babalọlá fi ohun tirẹ̀ san án, Jero fi ohun ẹlòmíràn san án.

Aṣọ ìjọ nínú òṣèlú

Ọgbọ́n kan náà ni Jero lò fún aṣòfin tí ó bá létí òkun níbi tí ó ti ń dá kọ́ ọ̀rọ̀ tí yóò sọ nílé ìgbìmọ̀. Ó sọ tẹ́lẹ̀ fún un pé yóò di mínísítà ètò ogun. Chume fẹ́ lu ìyàwó, Jero ní Olúwa fọwọ́ sí i. Aṣòfin fẹ́ ipò, Jero ní Olúwa ti fi fún un. Ohun tí ó wà lọ́kàn oníbàárà ni ó ń dá padà fún un ní orúkọ Ọlọ́run. Ìdí nìyí tí a kò fi gbọdọ̀ ya ọ̀rọ̀ ìdílé sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rọ̀ òṣèlú nínú eré yìí. Nínú Jero's Metamorphosis, tí ó jáde ní ọdún 1973, lẹ́yìn tí ìjọba ológun ti bẹ̀rẹ̀ sí í yìnbọn pa ọ̀daràn ní gbangba létí òkun, Jero kó àwọn wòlíì jọ sábẹ́ aṣọ bíi ti ológun. Ìjọba pa aṣọ dà, wòlíì náà pa tirẹ̀ dà.

Ọ̀rọ̀ aṣọ yìí ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀ṣun fúnra rẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2016, ilé ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ náà dájọ́ pé àwọn ọmọbìnrin Mùsùlùmí lè lo híjáàbù nílé ìwé ìjọba. Láìpẹ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan wọ aṣọ akọrin àti aṣọ ìjọ lọ sí Baptist High School ní Ìwó. Kì í ṣe Jero ni àwọn òbí wọn. Ìjọ Onítẹ̀bọmi ni ó dá ilé ìwé náà sílẹ̀ kí ìjọba tó gbà á, ẹ̀dùn ọkàn wọn sì lè jẹ́ òtítọ́. Síbẹ̀, ìbéèrè wa dúró: ta ni ó san án? Ọmọ tí ó fi aṣọ akọrin jókòó ní kíláàsì ni, òun tí kò pẹjọ́, tí kò sì dájọ́. Ìgbàgbọ́ tòótọ́ náà lè ṣìnà bí àgbà bá gbé ẹrù rẹ̀ ka ọmọdé lórí.

Ní ọjọ́ 20 oṣù keje ọdún 2022, ní Abuja, àwọn ọkùnrin kan wọ aṣọ bíṣọ́ọ̀bù wá síbi tí Bọ́lá Tinúbú ti fi Kashim Shettima hàn gẹ́gẹ́ bí igbákejì olùdíje. Àwọn kan ní ayédèrú ni wọ́n. Ẹgbẹ́ CAN ní òun kò rán ẹnikẹ́ni. Àwọn olùpolongo ìbò ní òjíṣẹ́ Ọlọ́run gidi ni wọ́n. A kò ní í dá ẹjọ́ náà níhìn-ín. Ohun tí ó kan lámèyítọ́ ni pé orí bóyá aṣọ náà bá ẹni tí ó wọ̀ ọ́ mu ni àríyànjiyàn dá lé, bí ẹni pé bí bíṣọ́ọ̀bù bá ti jẹ́ gidi, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Bẹ́ẹ̀, bíṣọ́ọ̀bù gidi náà lè wọ ẹ̀wù àwìn.

Chume àti Amope

Èdè ni Ṣóyínká fi jẹ́ kí á mọ òtítọ́ ọkàn Chume. Bí ẹ̀mí bá ti gbé e, Gẹ̀ẹ́sì ọ́fíìsì a bọ́ lẹ́nu rẹ̀, Pijin a sì gba ipò rẹ̀. Chume gba Ọlọ́run gbọ́ ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n òtítọ́ ọkàn yìí kò dá ọwọ́ rẹ̀ dúró lára ìyàwó rẹ̀. Ẹ̀kọ́ yìí le ju ti Jero lọ: ènìyàn lè jẹ́ olóòótọ́ sí Ọlọ́run ní ọkàn rẹ̀, kí ará ilé rẹ̀ sì máa san owó rẹ̀.

Ibí ni eré náà ti kùnà lójú tiwa. Amope ni a jẹ lówó; láti ìbẹ̀rẹ̀, òun ni ó rí onígbèsè níbi tí àwọn yòókù ti rí wòlíì. Ṣùgbọ́n Ṣóyínká sọ ọ́ di aláròyé aláìnítẹ̀ẹ́lọ́rùn, kí òǹwòran lè rẹ́rìn-ín nígbà tí ọkọ bá ń wọ́ ọ lọ sílé. Èmi àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ti jọ ka ìran yìí, ẹ̀rín a sì máa sọ.

Ẹ̀rín náà kì í rọrùn fún mi láti bá wọn rín. Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ọ̀tan, obìnrin mọ̀lẹ́bí wa kan sá kúrò lọ́dọ̀ ọkọ tí ó ń lù ú. Alàgbà kan ní kí ó padà sílé, kí ó sì gbààwẹ̀ ọjọ́ 7. Ìyá àgbà kan nínú ìjọ kan náà, tí ó ń ta gààrí, kò wàásù kankan. Ó sún ẹrù rẹ̀ sí igun kan nínú yàrá kan ṣoṣo tí ó ní, ó sì gba obìnrin náà àti ọmọ rẹ̀ méjì sílé fún oṣù 3. Nígbà tí ọkọ dé tariwotariwo, ìyá yìí ni ó dúró sẹ́nu ọ̀nà. Aṣọ funfun kan náà ni òun àti alàgbà ń wọ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi. Ìmọ̀ràn alàgbà kò ná an ní kọ́bọ̀. Ìyá náà fi yàrá, oúnjẹ àti àlàáfíà ara rẹ̀ san tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ìlú kan. Ní oṣù kẹrin ọdún 2022, Osinachi Nwachukwu, gbajúmọ̀ akọrin ẹ̀mí, kú ní Abuja; ní ọdún 2025, ilé ẹjọ́ gíga dájọ́ ikú fún ọkọ rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà. Bí a bá ka eré Jero lẹ́yìn èyí, ẹ̀bẹ̀ Chume pé kí a jẹ́ kí òun lù ú lẹ́ẹ̀kan péré kì í ṣe ẹ̀fẹ̀ mọ́.

Àgbálọgbábọ̀

Lámèyítọ́ kò lè rí ọkàn ènìyàn. Ti Ọlọ́run ni ìyẹn. Ṣùgbọ́n ó lè tọpa gbèsè: ta ni ó sọ̀rọ̀, ta ni ọ̀rọ̀ náà ṣe láǹfààní, ta ni ó sì san án. Òṣùwọ̀n yìí kan wòlíì, ó kan olóṣèlú, ó sì kan ọkọ nínú ilé.

Ní òpin eré náà, Jero sá fún àdá Chume, aṣòfin sì rò pé ọ̀run ni a gbé e lọ. Iṣẹ́ ìyanu ni ojú òṣèlú rí níbi tí onígbèsè ti ń sá. Ẹnikẹ́ni tí yóò bá túmọ̀ eré yìí sí Yorùbá, tàbí tí yóò tún gbé e sórí ìtàgé, ìmọ̀ràn wa ni pé kí ó jẹ́ kí Amope wà lójú ìtàgé ní àkókò yẹn, kí ó jókòó síbi tí gbogbo ènìyàn ti lè rí i. A kò tí ì san owó rẹ̀.