Ṣàkì Ọwọ́ àti Ṣàkì Ẹ̀rọ

Nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, bàbá mi ra kápẹ́ẹ̀tì pupa kan, wọ́n sì ní kí wọ́n tẹ́ ẹ láti ògiri dé ògiri nínú yàrá ìgbàlejò. Àsìkò owó epo ni. Ilé tí kò bá ní kápẹ́ẹ̀tì nígbà náà, bí ẹni pé ọ̀làjú kò tíì kan ilẹ̀kùn ibẹ̀ ni. Àlejò tó bá wọlé á bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Ní ti àwa ọmọ, ẹsẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ pàápàá kì í mọ́ tó lójú ìyá wa. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí kò sí àgbà nílé, mo rí fọ́nrán òwú kan tó yọrí nídìí ògiri, mo fà á. Ó ń bọ̀. Mo tún fà á, ó ń bọ̀ náà ni, títí ìlà kan gbáko fi tú láti ìdí àga bàbá mi dé ẹnu ilẹ̀kùn, bí ìgbà tí ènìyàn ń tú irun tí wọ́n fi òwú dì. Mo jẹgba lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí lójú ìlà tó tú yẹn kò kúrò lọ́kàn mi títí di òní: aṣọ kan tó rí bí àpò kòkó gẹ́lẹ́, tó ní ihò wẹ́wẹ́ ní ẹsẹẹsẹ, tí ohun kan bí àtè gbígbẹ sì ń rú lẹ́búlẹ́bú láti ara rẹ̀. Mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé híhun ni wọ́n hun kápẹ́ẹ̀tì. Wọn kò hun ún. Wọ́n gún òwú mọ́ aṣọ mìíràn lára ni, wọ́n sì fi àtè lẹ̀ ẹ́.

Nínú ilé kan náà, ìyá mi ní àpótí onígi kan tí ìtàgbé bàbá tó bí wọn wà nínú rẹ̀. Ìjẹ̀bú ni bàbá àgbà yìí, ọmọ Òṣùgbó sì ni wọ́n títí ọlọ́jọ́ fi dé. Fún òǹkàwé tí kò bá mọ̀ ọ́n, ìtàgbé ni aṣọ tóóró tí àwọn olóyè Òṣùgbó máa ń fi kọ́ èjìká òsì. Ara rẹ̀ kún fún ọnà, òwú tí wọ́n lọ́ pọ̀ sì máa ń rọ̀ sílẹ̀ gbọọrọ létí rẹ̀. Àwọn ibì kan wà lójú aṣọ náà tí òwú ti yọrí sókè ní ìdìdì, tó rí gbágungbàgun bí inú àpòlúkù màlúù tí a ń sè sínú ọbẹ̀. Orúkọ tí àwọn ahunṣọ Ìjẹ̀bú sì ń pè é gan-an nìyẹn: ṣàkì. Orúkọ náà dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ tí n óò fi máa pe ti ẹ̀rọ náà bẹ́ẹ̀ láti ibí lọ.

Àwọn obìnrin ló ń hun aṣọ yìí lórí òfì ìnàró. Bí ahunṣọ bá ti fi òwú ìbú kan la àárín òwú òró kọjá, á mú òwú kejì tó nípọn ju ti àkọ́kọ́ lọ, á fi í kọjá náà, ṣùgbọ́n kò ní fà á le. Á fà á yọ sókè níwọ̀n ibi tí ọnà bá ti fẹ́ ṣàkì, lẹ́yìn náà ni á tún fi òwú ìbú gidi tẹ̀ lé e, á sì fi igi pẹlẹbẹ lu gbogbo rẹ̀ mọ́ra. Ìgbà kan náà ni aṣọ àti ṣàkì ń dàgbà. A kò lè sọ pé ibí ni aṣọ parí sí, ibí ni ọ̀ṣọ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Èyí tó tó láti fi dá ẹjọ́, bí a bá ń fi ojú tí a sábà fi ń wo nǹkan wò ó. Àwa tí a ń kọ̀wé lórí àṣà ti sọ ọ́ di àṣà tiwa láti máa bú ẹ̀rọ láìwo ojú rẹ̀. A ó ní ẹ̀rọ pa iṣẹ́ ọwọ́, a ó dárò díẹ̀, a ó sì lọ jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì. Èmi náà ti kọ irú rẹ̀ rí. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ná.

Kí òǹkàwé fojú inú wo ẹ̀rọ ìránṣọ tí a nà títí tó fi fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 12. Dípò abẹ́rẹ́ kan, abẹ́rẹ́ mẹ́jọ wà lórí íǹṣì kọ̀ọ̀kan, èyí tó já sí 1,152 lórí ọ̀pá irin kan ṣoṣo, òwú kọ̀ọ̀kan sì ń tú láti ara ìdì tirẹ̀. Aṣọ abẹ́ ń wọ́ kọjá. Gbogbo abẹ́rẹ́ á sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á gún aṣọ náà já, òwú á sì bá wọn wọlé. Ìkọ́ kọ̀ọ̀kan ń dúró de abẹ́rẹ́ tirẹ̀ nísàlẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ bá ti fẹ́ padà sókè, ìkọ́ á gbá òwú mú, abẹ́rẹ́ á padà, òwú á kù sílẹ̀ ní kíká róbótó. Bí ìkọ́ bá jọ̀wọ́ rẹ̀ bẹ́ẹ̀, kápẹ́ẹ̀tì tí òwú rẹ̀ ká ni yóò jẹ́, irú tí mo tú nílé wa. Bí ọ̀bẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkọ́ bá gé e, orí òwú á là sí méjì, á sì rí múlọ́múlọ́ bí àrán. Ní gbogbo àkókò yìí, ojú kápẹ́ẹ̀tì ń kọ sílẹ̀ ni. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni òṣìṣẹ́ tó dúró ti ẹ̀rọ ń rí.

Kò sí híhun níbẹ̀ o. Aṣọ abẹ́ ti di aṣọ tán kí ó tó dé ọ̀dọ̀ abẹ́rẹ́. Aṣọ òwú ni nígbà kan. Ó di júùtì tí a mọ̀ mọ́ àpò kòkó. Lónìí, ike ni púpọ̀ nínú rẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń hun àpò ìrẹsì. Nítorí pé kò sí ohun tó so òwú mọ́ ibẹ̀ ju ihò tó gbà wọlé lọ, wọ́n gbọ́dọ̀ da àtè rọ́bà sí i lẹ́yìn, kí wọ́n sì lẹ aṣọ kejì mọ́ ọn. Bí àtè bá gbó, á di lẹ́búlẹ́bú, ọmọ aláìgbọràn kan á sì rí òwú fà.

Ìlú Dalton, ní ìpínlẹ̀ Georgia ní gúúsù Amẹ́ríkà, ni orísun ọ̀rọ̀ yìí, kì í sì í ṣe onímọ̀ ẹ̀rọ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní ọdún 1895, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Catherine Evans, tí kò ju ọmọ ọdún 15 lọ, fi aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì àtijọ́ kan ṣe àwòkọ́ṣe, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe irú rẹ̀. Ó fi abẹ́rẹ́ gbé òwú tó nípọn gba ara aṣọ funfun kọjá, ó fi àlùmọ́gàjí gé ojú òwú, ó sì sọ aṣọ náà sínú omi gbígbóná kí ó lè súnkì. Ẹ kíyè sí i pé kò sí àtè níbẹ̀. Aṣọ fúnra rẹ̀ ló fún òwú lọ́rùn. Ní ọdún 1900 ó ta ọ̀kan ní dọ́là 2 àti sẹ́ǹtì 50, nígbà tí àwọn oníbàárà sì pọ̀ ju ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ká lọ, ó kọ́ àwọn aládùúgbò rẹ̀. Bí ó ṣe tàn kálẹ̀ nìyẹn. Nígbà tó yá, àwọn ọkùnrin ń fi ọkọ̀ gbé aṣọ àti òwú kiri àwọn abúlé orí òkè, wọ́n ń já a sílẹ̀ fún àwọn obìnrin nílé wọn, wọ́n sì ń padà wá kó èyí tó bá ti parí. Wọ́n ń sá aṣọ wọ̀nyí lórí okùn létí ọ̀nà títì ńlá kí àwọn arìnrìn-àjò lè rà á, ọ̀pọ̀ ló sì ní àwòrán ọ̀kín tó na ìrù, débi pé wọ́n sọ ọ̀nà náà ní Peacock Alley, ọ̀nà ọlọ́kín. Mo ti wo àwòrán àwọn aṣọ náà dáadáa. Kí n má purọ́, ọ̀pọ̀ nínú ọ̀kín wọ̀nyẹn kò dára. Àwọ̀ wọn ń pariwo, ìrù wọn sì tóbi ju ohun tí ara lè gbé. Pé iṣẹ́ kan jẹ́ ti ọwọ́ kò sọ ọ́ di iṣẹ́ ọnà tó gún, ì báà jẹ́ ní Dalton, ì báà jẹ́ nílé wa.

Iye aṣọ tí obìnrin kọ̀ọ̀kan bá ṣe ni wọ́n fi ń sanwó fún un, owó náà kò sì tó nǹkan. Ní ọdún 1933, lábẹ́ ìjọba Franklin Roosevelt, òfin kan jáde tó mú kí ilé iṣẹ́ máa san owó ọ̀yà tí kò gbọdọ̀ dín ní iye kan. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ wọ́gi lé òfin náà ní 1935, ṣùgbọ́n òmíràn dé ní 1938, èyí kò sì lọ mọ́. Bí ọwọ́ àwọn obìnrin náà ṣe gbówó lórí báyìí ni ojú àwọn ọ̀gá là sí ẹ̀rọ. Wọ́n gbé ẹ̀rọ ìránṣọ, wọ́n fi ìkọ́ àti ọ̀bẹ sí i nísàlẹ̀, wọ́n kó iṣẹ́ kúrò ní gbàgede wá sínú ilé iṣẹ́. Abẹ́rẹ́ kan di mélòó kan, mélòó kan di ọ̀pọ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1950, ẹ̀rọ tó fẹ̀ tó yàrá ti dé, àwọn Cobble Brothers ní Chattanooga, ìlú tí kò jìnnà sí Dalton, sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ń ṣe é. Aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì bọ́ sílẹ̀, ó di kápẹ́ẹ̀tì. Kí ó tó di ọdún 1970, kápẹ́ẹ̀tì oníṣàkì ti fi ti híhun sẹ́yìn pátápátá ní Amẹ́ríkà, orí ilẹ̀ tí ó jẹ́ ti olówó nìkan tẹ́lẹ̀ sì di ti òṣìṣẹ́ lásán. N kò lè bú ohun tó ṣe ìyẹn.

Ọdún 1933 yẹn ni mo fẹ́ kí a dúró lé lórí. Gbogbo ìwé tí ń dárò iṣẹ́ ọwọ́ ń sọ ọ́ bí ẹni pé ẹ̀rọ ṣàdédé wọ ìlú bí ọlọ́ṣà, ó sì lé obìnrin kúrò nídìí abẹ́rẹ́. Ní Dalton, nígbà tí òfin ní kí wọ́n sanwó ọwọ́ obìnrin ni ẹ̀rọ wá gba iṣẹ́ náà. Níwọ̀n ìgbà tí ọwọ́ bá pọ́kú, ta ni yóò náwó sórí irin? Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí a tún ìbéèrè kan bi ara wa nípa ìtàgbé, èyí tí ẹ̀rọ kankan kò wá gbà lọ́wọ́ àwọn ìyá Ìjẹ̀bú láti ìgbà ìwáṣẹ̀. A ti máa ń sọ pé nítorí pé ó jẹ́ aṣọ awo ni, pé ọlá rẹ̀ ló dáàbò bò ó. Apá kan òótọ́ wà níbẹ̀. Ẹlòmíràn á sì sọ pé àwọn tó ń lò ó kò pọ̀ tó èyí tí ẹ̀rọ lè jẹun lára wọn, òótọ́ nìyẹn náà, n kò ní jiyàn. Ṣùgbọ́n àwọn aṣọ òfì mìíràn wà tí gbogbo ayé ń rà fún ìgbéyàwó àti òkú, tí ọwọ́ ṣì ń hun púpọ̀ nínú wọn, a sì ń fi ìyẹn yangàn nínú ìwé wa. Ẹ̀rù ń bà mí pé ohun tí a ń yìn nígbà mìíràn ní orúkọ àṣà kò ju ọ̀pọ́kú lọ.

Ẹ̀rọ náà kò dúró sójú kan. Lónìí kọ̀ǹpútà ń darí bí òwú ṣe ń wọlé sí abẹ́rẹ́, ọ̀pá abẹ́rẹ́ sì ń sún sọ́tùn-ún sósì, ó ń ṣe òkè àti kòtò lójú kápẹ́ẹ̀tì lọ́nà tí ojú kò fi tètè rí i pé irin ló ṣe é. Ní òdìkejì ẹ̀wẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ oníṣẹ́ ọnà káàkiri ayé ti tún padà sídìí abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo. Ẹ̀rọ kékeré oníná tó rí bí ìbọn ni wọ́n ń dì mú, wọ́n á na aṣọ sára férémù, wọ́n á sì máa yin òwú mọ́ ọn lára. Mo fẹ́ràn díẹ̀ nínú iṣẹ́ wọn. Àtè náà ni wọ́n fi ń parí rẹ̀.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde láti ra ìtàgbé tèmi, nítorí pé kòkòrò ti jẹ ti inú àpótí. Ìyá àgbàlagbà kan ló hun èyí tí mo yàn. Mo jókòó tì wọ́n, wọ́n fi bí wọ́n ṣe ń yọ ṣàkì hàn mí, èmi náà sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ fún irú àròkọ báyìí. Mo bi wọ́n ní iye ọjọ́ tó gbà wọ́n, wọ́n sọ fún mi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dá iye lé e. Mo ná an. Mo mọ ọjà ná, ìyá mi ló kọ́ mi. Mo kí wọn, mo ṣàwàdà, mo dìde bí ẹni tó fẹ́ lọ, mo tún jókòó, títí mo fi ja iye náà wálẹ̀ dé ohun tó fi díẹ̀ ju ìdajì lọ. Inú mi dùn títí mo fi dé inú ọkọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti pín owó náà sórí iye ọjọ́ tí wọ́n sọ. Ohun tó kan ọjọ́ kọ̀ọ̀kan kò tó ohun tí mo san lóṣù tó ṣáájú fún ọkùnrin tó wá fi ìrọ̀lẹ́ kan ṣoṣo gé kápẹ́ẹ̀tì tuntun sí yàrá ìkàwé mi, tó sì tẹ́ ẹ.

Orí ògiri yàrá yẹn kan náà ni mo fi ìtàgbé náà kọ́. Àwọn àlejò sábà máa ń na ọwọ́ sí i kí wọ́n fi kan ṣàkì rẹ̀, wọ́n á sì bi mí pé èló ni mo rà á. Mo máa ń dá wọn lóhùn pé wọ́n fi ta mí lọ́rẹ ni.