Àtúntò Ètò Scratch ti Ọdún 2019: Àyẹ̀wò Ìrọ̀rùn Ìlò àti Ìráyèsí

Ìfáárà

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó gbà pé iṣẹ́ lámèyítọ́ kò kọjá kí a ka ìtàn-àròsọ, eré-onítàn tàbí ewì, kí a sì sọ ibi tí ó dára sí àti ibi tí ó kù sí. Èrò tiwa ni pé ohunkóhun tí a bá ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́ láti kà, láti wò tàbí láti fọwọ́ tẹ̀ ni ó yẹ kí lámèyítọ́ fojú sí. Ètò ẹ̀rọ ayárabíàṣá tí ó wà fún ẹ̀kọ́ ní ẹni tí ó ṣe é, ó ní ẹni tí a ṣe é fún, ó sì ní èdè. Nǹkan mẹ́ta wọ̀nyí náà ni a máa ń yẹ̀ wò lára ìwé. Scratch ni a mú lò nínú iṣẹ́ yìí, pàápàá jù lọ ẹ̀dà rẹ̀ kẹta, tí ó jáde ní ọjọ́ kejì oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2019. Pé ètò náà wúlò kò sí nínú àríyànjiyàn. Ohun tí a fẹ́ mọ̀ ni ẹni tí àtúntò rẹ̀ ṣílẹ̀kùn fún àti ẹni tí ó fi sílẹ̀ lóde.

Ìdí tí àtúntò fi di dandan

Ilé-ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Amẹ́ríkà ni Scratch ti ṣẹ̀. Ẹgbẹ́ oníwádìí kan tí Mitchel Resnick ń darí níbẹ̀ ni ó ṣe é, wọ́n sì gbé e síta lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọdún 2007. Àwọn ọmọ ọdún 8 sí 16 ni wọ́n ní lọ́kàn. Dípò kí ọmọ máa tẹ àṣẹ tí àmì kan ṣoṣo tí ó bá ṣì tẹ̀ lè bà jẹ́, búlọ́ọ̀kù aláwọ̀ oríṣiríṣi ni yóò máa fà lójú ẹ̀rọ, tí yóò sì máa tò lé ara wọn. Èyí tí kò bá bá èkejì mu kò ní wọ inú rẹ̀. Ìrísí búlọ́ọ̀kù wá di gírámà: èyí tí ó rí roboto dúró fún iye tàbí ọ̀rọ̀, onígun mẹ́fà dúró fún ohun tí ó lè jẹ́ òótọ́ tàbí irọ́.

Orí Flash ni wọ́n kọ́ ẹ̀dà kejì, tí ó jáde ní ọdún 2013, lé. Ìpìlẹ̀ yìí ni ó kó bá a. iPad kò gba Flash rárá, nígbà tí ó sì di ọdún 2017, iléeṣẹ́ Adobe kéde pé Flash yóò kógbá sílé ní ìparí ọdún 2020. Bí àwọn tí ó ni Scratch bá káwọ́ gbera ni, iṣẹ́ tí àwọn ọmọdé ti ṣe láti ọdún pípẹ́ ì bá di ohun tí a kò lè ṣí mọ́ lórí ayélujára. HTML5 ni wọ́n fi tún un kọ́, iṣẹ́ àtijọ́ sì ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀dà tuntun. Àwa tí ìwé àkọsílẹ̀ wa ti bá ẹ̀rọ tí ó bàjẹ́ lọ rí yóò mọ bí èyí ti ṣe pàtàkì tó.

Òdiwọ̀n tí a lò

A kò fẹ́ fi òdiwọ̀n àjèjì wọn iṣẹ́ yìí. Òdiwọ̀n àwọn tí ó ṣe é gan-an ni a mú lò. Seymour Papert, ọ̀kan nínú àwọn tí ó ṣe èdè Logo ní ọdún 1967, ni ọ̀gá Resnick nínú ìmọ̀ yìí. Ìgbàgbọ́ Papert ni pé ìgbà tí ọmọ bá ń fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ohun tí ó nítumọ̀ sí i ni ó ń kẹ́kọ̀ọ́ jù. Ó ní kí irinṣẹ́ ọmọdé ní ilẹ̀ tí kò ga, kí aláìmọ̀kan lè gbẹ́sẹ̀ wọlé, kí ó sì ní àjà tí ó ga, kí ọmọ má fi orí kàn án bí ó bá ń dàgbà. Resnick fi ògiri tí ó fẹ̀ kún un, kí ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà má baà jẹ́ ẹyọ kan.

Ibi tí ilẹ̀ ti wálẹ̀

Ìyípadà kan tí ó ṣe pàtàkì nínú ẹ̀dà 2019 ni pé ọmọ lè fi ìka ṣiṣẹ́ lórí tábúlẹ́ẹ̀tì. Wọ́n mú kí búlọ́ọ̀kù tóbi sí i, wọ́n sì to ìsọ̀rí wọn sí apá òsì, tí orúkọ kọ̀ọ̀kan wà lábẹ́ àmì roboto aláwọ̀ tirẹ̀. Ẹ̀dà kan wà tí a lè gbé sórí ẹ̀rọ kí a sì máa lò láìsí ayélujára. Olùkọ́ tí dátà rẹ̀ tán kò ní torí ìyẹn pa iṣẹ́ tì. Ọ̀rọ̀ orí-ìtàgé tí wọ́n gbé láti apá òsì padà sí apá ọ̀tún kò tó ohun tí à ń jà lé.

Ohun tí a kò fara mọ́ nínú ètò ojú-ewé náà ni ọ̀rọ̀ kálàmù. Nínú ẹ̀dà kejì, kálàmù tí ẹ̀dá-inú-eré fi ń ya ilà ní ìsọ̀rí tirẹ̀ gedegbe. Nínú ẹ̀dà kẹta, ó ti di àfikún, ọmọ gbọ́dọ̀ tẹ àmì kan ní ìsàlẹ̀ lápá òsì kí ó tó rí i. Bẹ́ẹ̀, ìjàpá tí ń ya ilà ni gbogbo ayé fi mọ Logo! Olùkọ́ ìṣirò tí ó fẹ́ kí ọmọ ya onígun mẹ́ta, kí ó sì fojú rí bí igun ṣe ń yí, ni wọ́n fi ohun èlò rẹ̀ pamọ́ fún.

Àwọn tí ó ṣì wà lóde

Ẹni àkọ́kọ́ ni ọmọ tí fóònù nìkan wà ní ilé wọn. Nígbà tí ẹ̀dà yìí jáde, ènìyàn lè fi fóònù alágbèéká wo iṣẹ́ tí ẹlòmíràn ṣe, ṣùgbọ́n kò lè fi í ṣe tirẹ̀. A gbà pé ojú fóònù kéré, pé búlọ́ọ̀kù àti orí-ìtàgé kò lè gba ara wọn níbẹ̀ láìfún. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí a fi ìlànà Papert wò ó: ọmọ tí ó ní kọ̀ǹpútà ń kọ́lé, ọmọ tí ó ní fóònù ń wòran. Ní àwọn ìletò tí púpọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa yóò ti lọ ṣe ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́, fóònù ni ẹ̀rọ tí ó wọ́pọ̀ jù.

Ẹnì kejì ni ọmọ tí ojú ń dùn. Funfun ni ọ̀rọ̀ tí ó wà lára búlọ́ọ̀kù, àwọ̀ yẹ́lò sì ni ti ìsọ̀rí ìṣẹ̀lẹ̀, èyí tí gbogbo ètò fi ń bẹ̀rẹ̀. Ìlànà tí àjọ W3C gbé jáde ní ọdún 2008 ni pé kí ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ láàrin ọ̀rọ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀ má dín sí 4.5 sí 1; 3 sí 1 ni wọ́n gbà fún lẹ́tà ńlá. Bí a bá ṣírò ti funfun lórí yẹ́lò yìí, nǹkan bí 1.65 sí 1 ni. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi àṣàyàn kan kún un, tí ọ̀rọ̀ fi di dúdú, tí àwọ̀ búlọ́ọ̀kù sì ṣí. Àtúnṣe gidi ni, ṣùgbọ́n ọmọ tí kò ríran dáadáa ni yóò kọ́kọ́ wá ibi tí a ti ń yí i.

Ti afọ́jú le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fífà àti títò ni ọkàn Scratch, ẹ̀dà 2019 kò sì pèsè ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà fi bọ́tìnnì nìkan to búlọ́ọ̀kù, kí ètò tí ń ka ojú ẹ̀rọ sókè máa sọ ohun tí ó wà lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ní kò sí ohun tí a lè ṣe sí i yẹ kí ó wo Code Jumper, tí àwọn oníwádìí Microsoft bẹ̀rẹ̀, tí iléeṣẹ́ ìtẹ̀wé àwọn afọ́jú ní Amẹ́ríkà sì gbé jáde ní ọdún 2019 kan náà. Níbẹ̀, àṣẹ di ohun tí ọwọ́ lè dì mú, wáyà ni ọmọ fi ń so wọ́n pọ̀, etí ni ó sì fi ń gbọ́ àbájáde.

Èdè inú búlọ́ọ̀kù

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kan ẹ̀ka èdè Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Scratch ní àfikún kan tí ń sọ̀rọ̀ jáde, ṣùgbọ́n Yorùbá kò sí lára èdè tí ó lè sọ nígbà tí ó jáde. Ní ti ọ̀rọ̀ ara búlọ́ọ̀kù, àwọn olùyọ̀ǹda ara-ẹni ni ó ń túmọ̀ rẹ̀ sí èdè wọn, iṣẹ́ náà kò sì rọrùn bí a ṣe lè rò. Ẹ wo búlọ́ọ̀kù tí ń gbé májẹ̀mu kalẹ̀. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ májẹ̀mu dúró níwájú, odindi gbólóhùn sì tẹ̀ lé e nínú àyè onígun mẹ́fà. Ní Yorùbá, a ní ‘bí ó bá kan etí’. ‘Bí’ wà lóde, ṣùgbọ́n ‘bá’ ti wọ inú gbólóhùn lọ, láàrin olùwà àti ọ̀rọ̀-ìṣe. Bí a bá kọ ‘bá’ sínú onígun mẹ́fà, búlọ́ọ̀kù kan náà kò ní wúlò mọ́ nígbà tí ọmọ bá fẹ́ sọ pé ‘dúró títí tí yóò fi kan etí’, nítorí pé ‘fi’ ni ó ń béèrè àyè yẹn.

Àbá tiwa ni kí odindi gbólóhùn, ‘ó kan etí’, dá dúró nínú onígun mẹ́fà, kí òde sì máa jẹ́ ‘tí ó bá jẹ́ pé’, ‘títí tí yóò fi jẹ́ pé’ àti ‘kì í ṣe pé’. Ó gùn díẹ̀, àmọ́ kò da gírámà rú. Búlọ́ọ̀kù àtúnṣe náà ní ìṣòro tirẹ̀. ‘Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá’ ni ọmọ ń sọ nílé, iye sì ti wọ inú ọ̀rọ̀ náà tí a kò fi lè yọ 10 jáde kí a fi 12 rọ́pò rẹ̀. ‘Tún un ṣe ní ìgbà’, kí àpótí iye sì tẹ̀ lé e, ni a rí pé ó lè gbà á. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ lè gé páálí sí ìrísí búlọ́ọ̀kù, kí wọ́n kọ àbá wọ̀nyí sí i, kí wọ́n sì jẹ́ kí àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin tò ó kí wọ́n kà á sókè, kí a tó fi ìtumọ̀ kankan ránṣẹ́. Kò gba iná mànàmáná. Ibi tí ọmọ bá ti kọsẹ̀ lẹ́nu ni kí a sàmì sí.