Sẹ́ẹ̀lì Tí Kò Fẹ́ Wọ́wé

Bí ọyẹ́ bá ti mú, ẹni tó ń gba ẹ̀bá igbó gẹdú kọjá nítòsí Ìjẹ̀bú-Igbó yóò rí bí igi tíìkì ṣe ń wọ́wé. Afẹ́fẹ́ nìkan kọ́ ló ń já a. Igi fúnra rẹ̀ ló ti la ààlà tẹ́ẹ́rẹ́ sí ìdí ewé, tó dí ojú ibẹ̀ pa, kó tó jọ̀wọ́ rẹ̀. Ewé lọ, igi kò lọ́gbẹ́.

Irú ìjọ̀wọ́ yìí ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì mẹ́ta, Kerr, Wyllie àti Currie, rí nínú ẹran ara. Ní 1972, wọ́n fi ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí wíwọ́wé pè é: apoptosis. Sẹ́ẹ̀lì tí àkókò rẹ̀ pé a súnkì, kóró inú rẹ̀ a dì, a fọ́ wẹ́wẹ́, a sì di ẹrù ara rẹ̀ ní ìdì kéékèèké. Àwọn aládùúgbò a gbé e mì, ibẹ̀ kò ní wú. Sẹ́ẹ̀lì tí ìpalára pa ní tirẹ̀ a wú, a bẹ́, a da àdúgbò rú.

Ọmọ inú oyún nílò ikú wọ́ọ́rọ́wọ́ yìí. Ara a máa ṣe sẹ́ẹ̀lì iṣan ju iye tó fẹ́ lò lọ. Èyí tí kò bá rí oúnjẹ gbà níbi tó nawọ́ sí, a kú. Rita Levi-Montalcini, tó ń fi ẹyin adìyẹ ṣèwádìí nínú yàrá rẹ̀ ní Ítálì nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ló wá rí oúnjẹ náà lẹ́yìn náà, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1986. Àrùn jẹjẹrẹ neuroblastoma ni ti ọmọ sẹ́ẹ̀lì iṣan tó kọ̀ tí kò dàgbà, tó sì kọ̀ tí kò kú. Lọ́pọ̀ ìgbà, orí kíndìnrín ló ti ń bẹ̀rẹ̀, lára ẹ̀yà tó dé e bíi fìlà. Nínú ọ̀pọ̀ èyí tó le jù, caspase-8, ọ̀kan lára ọ̀bẹ tí sẹ́ẹ̀lì fi ń gé ara rẹ̀, ti dákẹ́.

Ẹni tí mo ń ṣe sàdáńkátà fún ni dókítà tó ń yẹ ẹran tí wọ́n gé lára irú kókó jẹjẹrẹ bẹ́ẹ̀ wò. Wọ́n ti rẹ ẹran náà sínú fọmalíìnì, wọ́n ti fi ìda gbé e dúró, wọ́n ti rẹ́ ẹ títí ó fi fẹ́lẹ́ ju irun orí lọ, wọ́n sì ti pa á láró. Ó tẹjú mọ́ maikirosíkóòpù. Níhìn-ín, sẹ́ẹ̀lì pagbo bí ọmọdé nínú eré òṣùpá. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà: nínú sẹ́ẹ̀lì 5,000, mélòó ló ń pín, mélòó ni kóró rẹ̀ ti fọ́? Ó ń ka méjèèjì pọ̀, nítorí kókó tó ń yára bí sábà máa ń yára sin. Etí èyí tó ń pín rí gánnagànna. Ìfọ́kù èyí tó kú dúdú, ó ń dán, ó rí roboto bí ìlẹ̀kẹ̀. Bí àpapọ̀ wọn kò bá tó 100, ìrètí wà. Bó bá ju 200 lọ, ọ̀rọ̀ di ńlá. Ẹni tó bá ṣi ìlẹ̀kẹ̀ kà, ọmọ ni yóò jẹ̀yà rẹ̀.

Ìyá tó gbọ́mọ láti Abígí lọ sí ilé ìwòsàn ní Ṣàgámù tàbí Ìbàdàn lè má rí ojú dókítà yìí láéláé. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ-ọwọ́ kan wà tí kókó wọn ti dé ẹ̀dọ̀ àti awọ, síbẹ̀ tó máa ń yọ́ fúnra rẹ̀: sẹ́ẹ̀lì náà rántí wọ́wé. Iye tí dókítà náà kà yẹn wà lára ohun tó ń sọ fún àwọn oníṣègùn bóyá oògùn líle ló kàn, tàbí kí wọ́n fọwọ́ lẹ́rán, kí wọ́n máa ṣọ́ igi.